GBÒǸGBÒ TÓ Ń SÙN NÍNÚ IGI

Ẹ̀kọ́ wa lẹ́ẹ̀kan yìí jẹ mọ́ ohun tí púpọ̀ nínú wa ti ń ṣe láti kékeré láì bi ara wa léèrè ìdí rẹ̀. Nígbà tí òjò bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Okun, yálà ní Kàbà, ní Ìyàrá tàbí ní Ìsánlú, a máa ń rí àwọn tó ń gé ẹ̀ka ìyeyè, ẹ̀ka akòko tàbí ti àgúnmánìyẹ̀, tí wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀ yí ọgbà wọn ká. Ẹ̀ka náà kò ní gbòǹgbò kankan. Àdá ni wọ́n fi bẹ́ ẹ kúrò lára ìyá rẹ̀. Síbẹ̀, kó tó pẹ́ púpọ̀, ó ti rúwé. Bí ẹ bá sì fẹ́ fà á tu, ẹ ó rí i pé ó ti di ilẹ̀ mú. Níbo ni gbòǹgbò náà ti wá?

Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé ilẹ̀ ló fún un. Ilẹ̀ kọ́. Ilẹ̀ fún un ní omi, ó fún un ní òkùnkùn, ó sì gbà á dúró. Gbòǹgbò wá láti inú igi fúnra rẹ̀, àti pé nínú àwọn igi kan, ó ti wà níbẹ̀ kí àdá tó kan ẹ̀ka náà rárá. Ó wà lábẹ́ èèpo, kékeré bí orí abẹ́rẹ́, ó ń sùn. A fẹ́ wo bó ṣe ń dá síbẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kó jí, àti ohun tó ń jí i. Ọ̀rọ̀ oko ni, ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa fi igi ẹ̀gẹ́ ṣòfò lọ́dọọdún.

Ẹ MÚ ÌRÈKÉ KAN

Kò sí ohun tó lè fi ọ̀rọ̀ yìí hàn wá bí ìrèké. Lóòótọ́, ìrèké kì í ṣe igi, ẹbí koríko ni wọ́n kà á mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí igi fi pamọ́ sábẹ́ èèpo, ìrèké gbé e síta kí a lè rí i. Ẹ ra ọ̀kan lọ́jà, ẹ má tíì bó o. Ẹ wo oríkèé rẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó rí bí èékánná ọmọdé: ibẹ̀ ni ọmọ ìrèké yóò ti hù. Ẹ wá wo oríkèé náà yí po. Ẹ ó rí àwọn àmì tó-tò-tó tí wọ́n tò ní ìlà bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Àmì kọ̀ọ̀kan yẹn, gbòǹgbò ni. Kò tíì jáde ni.

Bí ìrèké bá wà lóòró nínú oko, wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ títí a ó fi gé e tí a ó sì jẹ ẹ́. Bí a bá tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ tútù, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti yọ. Gbòǹgbò àkọ́kọ́ wọ̀nyí ló ń bọ́ ọmọ ìrèké fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ìyá ìkókó ń gbé ọmọ pọ̀n, títí ọmọ náà yóò fi ta gbòǹgbò tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ti àkọ́kọ́ á gbẹ dànù. Ní Bacita, tí àwa pẹ̀lú wọn jọ wà nínú ìpínlẹ̀ Kwara kan náà kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, ilé-iṣẹ́ ṣúgà ńlá wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964. Gbogbo ìrèké tí wọ́n fi ṣe ṣúgà níbẹ̀, hóró kọ́ ni wọ́n gbìn. Ìrèké gígé ni wọ́n ń tẹ́ sínú poro, àwọn àmì kéékèèké yẹn ni wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé.

Àgbàdo àti ọkà bàbà náà ń ṣe ohun tó fara jọ ọ́. Gbòǹgbò tó máa ń yọ ní oríkèé ìsàlẹ̀, lókè ilẹ̀, tó ń nà lọ bí ẹsẹ̀ àga láti gbé àgbàdo dúró lójú atẹ́gùn, inú oríkèé yẹn ló ti wá.

BÓ ṢE Ń DÁ SÍNÚ IGI

Láàárín èèpo àti igi líle, awọ tínínrín kan wà tó tutù, tó sì ń yọ̀. Bí ẹ bá ti bó èèpo igi tútù rí, ọwọ́ yín ti kàn án. Níbẹ̀ ni igi ti ń sanra. Ó ń kọ́ igi tuntun sí inú, ó ń kọ́ èèpo tuntun síta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, èyíinì ni àwọn yàrá kéékèèké tí a fi kọ́ ara gbogbo ohun abẹ̀mí, ṣì rọ̀, wọ́n ṣì lè di ohun tó bá yẹ kí wọ́n dà.

Igi méjì tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni willo àti poplar, tí wọ́n wọ́pọ̀ létí odò nílẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà. Nínú wọn, iṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀ka ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Nítòsí ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, níbi tí ọ̀nà omi ti yà lọ sínú ewé, àlàfo kékeré kan máa ń wà. Lẹ́bàá àlàfo yẹn ni sẹ́ẹ̀lì mélòó kan yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí pín ara wọn sí méjì-méjì lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àwọn aládùúgbò wọn. Wọn á kóra jọ, wọn á ṣù bí òkìtì kékeré kan, tí orí rẹ̀ kọ sí ìhà èèpo. Nígbà tó bá yá, wọn á dúró. Gbòǹgbò nìyẹn, tí kò tíì gùn, tí kò tíì mu omi kankan.

Igi kò dúró o, ó ń sanra lọ. Ẹ rò ó wò: bí òkìtì yẹn bá dúró sójú kan, igi tuntun á bò ó mọ́lẹ̀ kí ọdún tó yí po. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí igi ti ń sanra ni òun náà ń sún síta díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn èèpo ló máa ń wà nígbà gbogbo. Bí a bá la irú igi bẹ́ẹ̀, a lè rí ipa ọ̀nà tó gbà bọ̀, bí ìlà kan láti inú wá síta. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lè fi wà bẹ́ẹ̀. Lára igi ápù mìíràn, wọ́n máa ń pọ̀ síbì kan náà débi pé wọ́n á ti èèpo síta bíi kókó, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àrùn ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igi ló ń fi gbòǹgbò pamọ́ ṣáájú. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọgbẹ́ ló ń bí i. Bí a bá gé ẹ̀ka wọn, ojú ọgbẹ́ á kọ́kọ́ dí, sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ibẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó di gbòǹgbò. Irú èyí máa ń pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Willo tí a fi sínú omi lè ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé ohun tó yẹ kó ṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ̀gẹ́ tiwa ń ta gbòǹgbò ní ọ̀nà méjì: ní ojú ibi tí a gé nísàlẹ̀, àti nítòsí àwọn ojú rẹ̀ tó wọlẹ̀. Ìdí nìyí tí iye ojú tó wọlẹ̀ fi ṣe pàtàkì, a ó padà sí i.

Mo fẹ́ kí a ya ohun kan sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí wọ́n máa ń dà á pọ̀. Nínú ìwé Jóòbù, orí 14, a kà nípa igi tí wọ́n gé tó tún sọ láti ara kùkùté. Ọmọ igi ni ìyẹn ń sọ, kì í ṣe gbòǹgbò. Ojú tó ń sùn ló ń jí níbẹ̀. Gbòǹgbò tó ń sùn yàtọ̀, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Àwọn igi etí odò Bábílónì tí Sáàmù 137 dárúkọ, tí Bíbélì wa pè ní willo, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sọ lónìí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú poplar kan tó ń hù létí odò Yúfírétì. Willo ni o, poplar ni o, ẹbí kan náà ni wọ́n, gbòǹgbò a sì máa sùn nínú ẹbí náà.

OHUN TÓ Ń JÍ I

Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wá ìdáhùn sí èyí. Ọkùnrin ará Faransé kan, Duhamel du Monceau, tẹ ìwé kan jáde ní 1758 nípa bí igi ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé bí a bá bó èèpo igi yí ká bí òrùka, òkè ibi tí a bó ló máa ń wú, ibẹ̀ náà sì ni gbòǹgbò ń fẹ́ ti yọ. Ó yé e pé ohun kan ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ nínú èèpo. Ní 1878, ará Jámánì kan, Hermann Vöchting, gbé tirẹ̀ jáde. Ó gé ẹ̀ka willo, ó sì fi wọ́n kọ́ sínú atẹ́gùn tó lọ́rinrin, ó kọ́ àwọn kan lóòró, ó kọ́ àwọn kan ní ìdoríkodò. Ìdí ẹ̀ka ló ti ta gbòǹgbò, ìbáà jẹ́ pé ìdí náà kọjú sókè ọ̀run! Igi mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, a kò lè tàn án jẹ.

Nígbà tó fi máa di 1935, wọ́n ti mọ ohun náà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Họ́móònù kan ni, auxin ni wọ́n ń pè é. Ọ̀mùnú àti ewé tuntun ló ń ṣe é, ó sì ń gba inú ẹ̀ka lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ka ṣì wà lára igi, ó ń kọjá lọ sí gbòǹgbò ìyá ni. Nígbà tí àdá bá gé ẹ̀ka, ọ̀nà dí. Ó wá ń kóra jọ sí ìdí ẹ̀ka, bí omi gọ́tà tí pàǹtí dí ojú rẹ̀. Àkójọ yẹn ni gbòǹgbò tó ń sùn máa ń gbọ́.

Kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ wà. Òkùnkùn náà ń ràn án lọ́wọ́: wọ́n ti rí i lára poplar pé ìmọ́lẹ̀ máa ń dá àwọn gbòǹgbò yìí dúró. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ka náà pẹ̀lú, nítorí kí gbòǹgbò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí ẹ̀ka tọ́jú ni yóò máa jẹ. Ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ kò ní àpò tó jinlẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ìrẹsì. Ní 2012 àti ní 2022, Odò Ọya àti Odò Benue kún àkúnya, omi sì bo ọ̀pọ̀ ilé àti oko ní Lọ́kọ́ja àti àyíká rẹ̀. Irú ìrẹsì kan wà tí wọ́n ń gbìn sínú omi jíjìn, tó máa ń ga bí omi bá ṣe ń ga. Gbòǹgbò ń sùn ní oríkèé rẹ̀. Bí omi bá mù ún, afẹ́fẹ́ kan tí ìrẹsì fúnra rẹ̀ ń ṣe kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, yóò pọ̀ nínú rẹ̀, gbòǹgbò á sì mọ̀ pé omi dé. Kí gbòǹgbò náà tó jáde, awọn sẹ́ẹ̀lì awọ tó bò ó lórí á kọ́kọ́ kú, wọn á sì ṣílẹ̀kùn fún un, kí orí rẹ̀ tó rọ̀ má baà fara gbọgbẹ́.

ÀWỌN IGI TIWA

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Ìyeyè, akòko, àgúnmánìyẹ̀, ọdán, pèrègún, lápálápá, ewúro: gbogbo wọn ni a lè fi ẹ̀ka gbìn. Igi gbígbẹ tí a fi ṣe ọgbà, ikán á jẹ ẹ́ kí ọdún méjì tó pé, a ó tún wọ igbó lọ gé òmíràn. Igi tó ta gbòǹgbò, bí ọdún ti ń gorí ọdún ló ń le sí i. Èyí kan àwọn opó wa gan-an. Pèrègún tí wọ́n gbìn sí ààlà ilẹ̀ bàbá ọmọ kì í tètè parẹ́. Bí ẹnì kan bá gé e, yóò tún sọ. (Pèrègún kì í ṣe ìwé ilẹ̀ o. Ẹ wá ìwé ilẹ̀ yín pẹ̀lú.)

Àgúnmánìyẹ̀ ni èmi ìbá kọ́kọ́ yàn fún oko. Láti Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè é ló ti wá. Ẹbí ẹ̀wà ni, ó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, ewé rẹ̀ dára fún ewúrẹ́, igi rẹ̀ sì ṣeé fi ti iṣu lẹ́yìn nígbà tó bá ń fà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́ túmọ̀ sí apèkúté, nítorí wọ́n ń fi èèpo àti hóró rẹ̀ pa eku níbi tó ti wá. Nítorí náà, kí ọmọdé má fi hóró rẹ̀ ṣeré. IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí a ṣe lè gbin irú igi báyìí ní ìlà, kí a sì gbin oúnjẹ sáàárín ìlà. Lápálápá ń ṣe ọgbà tó dára nítorí ẹran kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n májèlé ni hóró rẹ̀. Ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ bá pọ̀ sí, ẹ wá igi mìíràn.

Ní ti gígé rẹ̀, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, nígbà tí ìyeyè àti àgúnmánìyẹ̀ ti wọ́wé tí oúnjẹ wọn sì wà nínú ẹ̀ka. Ẹ̀ka tó gbó, tó nípọn tó ọrùn ọwọ́, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 tàbí 6, ni kí ẹ gé. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí orí, kí ó sì lè wọlẹ̀. Ẹ fi sí ibòji fún ọjọ́ díẹ̀ kí oje ojú ọgbẹ́ gbẹ. Ẹ má fi òkúta gbá a wọlẹ̀ bí ìṣó. Èèpo ìdí rẹ̀ á bó, ibẹ̀ gan-an sì ni gbòǹgbò wà. Ẹ gbẹ́ ihò, kí ẹ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀GẸ́

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ owó wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi gàárì àti fùfú san owó ilé-ìwé. Bí ebè 100 bá wà tí 30 kò hù, oko kò ní dín owó ìroko kù fún wa. Ẹ gé igi láti ara ẹ̀gẹ́ tó ti tó oṣù 8 sí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ mú àárín rẹ̀: orí rọ̀ jù, kò ní oúnjẹ nínú. Kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, kí ojú 5 sí 7 wà lára rẹ̀. Bí ojú bá kéré níye, àǹfààní gbòǹgbò àti ti ọmọ kéré náà nìyẹn.

Kí ojú kọ sókè. Bí ẹ kò bá dá orí mọ̀ yàtọ̀ sí ìdí, ẹ wo àpá tí ewé fi sílẹ̀. Òkè àpá náà ni ojú máa ń jókòó sí. Ẹ̀gẹ́ tí a dorí rẹ̀ kodò lè hù, ṣùgbọ́n yóò pẹ́, nítorí ohun tí Vöchting rí lára willo náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Bí òjò bá pẹ́ tí igi ẹ̀gẹ́ sì wà nílẹ̀, ẹ má tú u ká sínú oòrùn. Ẹ dì í ní ìdì-ìdì láì tíì gé e wẹ́wẹ́, ẹ nà án ró lábẹ́ igi, kí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀ tútù. Ẹ má sì gé lára ẹ̀gẹ́ tí ewé rẹ̀ ká kò, tó ní àwọ̀ ìyeyè kiri. Àrùn mọ́séíkì nìyẹn. Ohun tí a fi ẹ̀ka gbìn, ara ìyá rẹ̀ náà ni. Bí ìyá bá ń ṣàìsàn, gbogbo ọmọ á gbé àìsàn náà wọ oko. Kòkòrò funfun kéékèèké tó ń fò lábẹ́ ewé á wá máa gbé e kiri.

ÀWỌN TÓ KỌ̀

Kajú, máńgòrò àti igi òrí kì í fẹ́ gba ọ̀nà yìí. A lè ri ẹ̀ka wọn mọ́lẹ̀ kí a sì máa bomi rin ín, òkú igi ni yóò dà. Kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín pé ẹ̀ka kajú ni òun rì tó fi hù. Hóró ni a ń gbìn, tàbí kí a lẹ ẹ̀ka igi rere mọ́ ọmọ igi tó ti ní gbòǹgbò. Obì wà láàárín. Ní CRIN, ilé-ìwádìí kòkó àti obì ní Ìbàdàn, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n lò fún obì ni pé kí wọ́n bó èèpo ẹ̀ka yí ká nígbà tó ṣì wà lórí igi, kí wọ́n di ohun tútù mọ́ ọn nínú ọ̀rá, títí gbòǹgbò yóò fi yọ lókè ọgbẹ́, kí wọ́n tó gé e sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí Duhamel rí ní 1758 gan-an ni.

IṢẸ́ ṢÍṢE KÍ A TÓ TÚN PÀDÉ

1. Ẹ mú ìrèké tí a kò bó wá. Ẹ ka ìlà àmì tó wà ní oríkèé mẹ́ta, ẹ wò ó bóyá ó dọ́gba.

2. Ẹ gé igi ewúro mẹ́rin tó dọ́gba. Ẹ rì méjì lóòró sínú ike tó ní ilẹ̀ tútù, ẹ rì méjì ní ìdoríkodò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ hú wọn rọra, kí ẹ wo ibi tí gbòǹgbò ti yọ.

3. Ẹ bi àwọn àgbàlagbà ilé yín léèrè àwọn igi tí wọ́n fi ń pa ààlà láyé àtijọ́ ní Owé, ní Bùnú, ní Ìjùmú àti ní Yàgbà, kí ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé wá.